Àwòrán Tó Wà Lórí Ìwé Òkú Bàbá Metodi

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni Sevda, obìnrin àdúgbò tó ń se oúnjẹ fún Bàbá Metodi, bá òkú rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn àjà ilẹ̀ rẹ̀. Ó dojú bolẹ̀, apá rẹ̀ ọ̀tún ká sábẹ́ ara, ìkòkò wáìnì òfìfo kan sì fọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Sevda kò pariwo. Ó padà gòkè, ó pa iná tí bàbá fi sílẹ̀ nínú ilé ìdáná, ó pe ọlọ́pàá, ó sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí wọ́n fi dé. Ìjókòó yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ kà sí i lọ́rùn. Wọ́n ní obìnrin tó bá rí òkú tí kò figbe ta, nǹkan kan wà tó mọ̀.

Ariwo ti tán ní Dolna Skela, ìlú wa tó wà létí odò Dunav. Àwọn ọ̀dọ́ ti kó lọ sí Sofia àti sí òkè òkun, ilé púpọ̀ ti di àtìpa. Ohun kan ṣoṣo tó ń pọ̀ sí i láàárín wa ni ìwé òkú, bébà tí a ń tẹ àwòrán olóògbé sí, tí a ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ àti mọ́ òpó iná, tí a sì ń tẹ òmíràn lọ́dọọdún kí ayé má baà gbàgbé rẹ̀. Bí èèyàn bá jáde lọ ra búrẹ́dì nílùú wa, ojú òkú tó máa rí á pọ̀ ju ojú alààyè lọ. Ó ti mọ́ wa lára.

Inspẹ́kítọ̀ Yavor Kamburov ni wọ́n gbé ẹjọ́ náà fún. Kamburov kì í bínú, kì í sì í yọ̀. Àwọn kan ní ikú ìyàwó rẹ̀ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Èmi tí a jọ lọ sílé ìwé, mo mọ̀ pé bó ṣe wà láti kékeré nìyẹn. Ikú ìyàwó rẹ̀ kàn jẹ́ kó rí àwíjàre ni. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mú, ohun tí ẹlòmíràn bá wò kọjá, òun á dúró tì í.

Ó dúró nínú ilé ìdáná Bàbá Metodi. Lórí tábìlì, bánítsa, búrẹ́dì oníwàràkàṣì tí wọ́n ti jẹ dé ìdajì, wà níbẹ̀, àti halva funfun, ohun dídùn tí a ń rà sílé ní Ọjọ́ Àìkú Ìdáríjì, tí àwọn ọmọdé máa ń lọ fẹnu ko ọwọ́ àgbà, tí wọ́n á ní kí àgbà dárí jì wọ́n kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú àná gan-an ni. Òwú pupa kan sì so rọ̀ láti ara iná tó wà lókè tábìlì.

Kamburov fi ìka kan òwú náà. Gbogbo wa la mọ ohun tí òwú yẹn wà fún. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, a máa ń so ẹyin bíbọ̀ mọ́ ọn, a ó fì í, àwọn tó yí tábìlì ká á sì máa fi ẹnu lé e. Eré ni. Ẹnì kan ṣoṣo kì í ṣe é.

Dókítà ní àpá ọwọ́ wà ní àyà bàbá. Ẹnì kan ló tì í. Ó tún ní bàbá kò kú lójú ẹsẹ̀. Ká ní ẹnì kan pe ọkọ̀ aláìsàn ni, wọn ì bá gbà á là.

Ẹni tí Kamburov kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò ni Petkana, obìnrin tó ń gbé ilé kejì, tí fèrèsé rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ tì.

"Mo gbọ́ ọ, Ọ̀gá," ni Petkana wí. "Lọ́jọ́ Jímọ̀. Sevda ló ń jágbe mọ́ bàbá arúgbó. Ó ní, 'Ẹ máa ṣubú kú lórí àtẹ̀gùn yẹn!' Etí mi báyìí ló gbọ́ ọ."

"Èpè ló ń ṣẹ́, àbí ìkìlọ̀ ló ń ṣe?"

"Mi ò sí nínú rẹ̀ o. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹni tó ń se oúnjẹ fún ọkùnrin tí kì í ṣe ọkọ rẹ̀ àti bàbá rẹ̀, kí ló ń wá?"

"Ẹ rí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú?"

"Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ilé ọmọ mi ni mo wà. Ṣé èmi náà kò ní ẹni tó máa wá fẹnu ko ọwọ́ mi ni?"

Wọ́n tún bá gèlè Sevda nínú àjà ilẹ̀. Agbẹjọ́rò ìjọba kò fẹ́ gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní kí wọ́n ti Sevda mọ́lé, pé bó bá di ọ̀sán Ọjọ́rú, òun á fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kàn án. Ọ̀sán Ọjọ́rú náà sì ni wọ́n fẹ́ sin bàbá.

Sevda jókòó níwájú Kamburov, ọwọ́ lórí itan. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ọwọ́ rẹ̀ wú nítorí omi tútù àti ọṣẹ.

"Kí lẹ bá a jà sí lọ́jọ́ Jímọ̀?"

"Awò ojú."

"Awò ojú ṣe jẹ́?"

"Ojú rẹ̀ ti ń ṣú, Ọ̀gá. Mo fà á lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ojú, wọ́n ṣe tuntun fún un, Ọjọ́bọ̀ la gbà á. Bí a ṣe délé, ó jù ú sínú dúrọ́ọ̀. Ó ní òun kò ní gbé nǹkan lé imú bíi tíṣà ìṣirò. Mo ní bí ẹ ò bá wọ̀ ọ́, ẹ máa ṣubú kú lórí àtẹ̀gùn yẹn. Ó ní kí n máa lọ sílé mi."

"Ẹ sì lọ?"

"Mo lọ. Bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, mo gbé bánítsa lọ fún un, mo fẹnu kò ó lọ́wọ́, mo ní kó dárí jì mí. Ó ní ó ti tán. Ṣùgbọ́n awò yẹn ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀. Mo wò ó, mi ò sọ̀rọ̀."

"Gèlè yín ńkọ́?"

"Èmi ni mò ń kó igi gòkè wá láti àjà ilẹ̀. Ẹ wá a dáadáa, ẹ máa rí ìbọ̀wọ́ mi náà níbẹ̀."

"Ẹyin tí wọ́n so rọ̀ ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ so ó?"

Sevda wò ó bí ẹni wo ọmọ tí kò gbọ́n. "Lọ́sàn-án gangan? Ta ló ń so ẹyin lọ́sàn-án?"

Kamburov pa ìwé rẹ̀ dé. Sevda kò dìde.

"Ọ̀gá, ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí n débi ìsìnkú. Ẹ fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí mi lọ́wọ́ bó bá wù yín. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tó bá wù yín ni kí ẹ fi mí ṣe."

Kamburov kò ṣèlérí kankan. Ẹni tó bá mọ agbẹjọ́rò ìjọba wa kì í ṣèlérí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ognyan dé láti Sofia, ọmọ àbúrò Bàbá Metodi kan tó ti kú tipẹ́. Òun nìkan ni ẹbí tó kù. Táìlì ló ń tà, ìmúra rẹ̀ mọ́, aṣọ dúdú rẹ̀ bá a mu. Ó ti ní kí wọ́n tẹ ìwé òkú kó tó kúrò ní Sofia, òun fúnra rẹ̀ ló sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn. Àwọn ará àdúgbò ń gbóríyìn fún un. Wọ́n ní ẹ wo ọmọ gidi, ẹ wo bí ojú bàbá ṣe hàn kedere, awò lójú, ẹ̀rín lẹ́nu, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀.

"Ìgbà wo lẹ rí bàbá kẹ́yìn?" ni Kamburov bi í.

"Ìgbà ìkórè àjàrà. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, Ọ̀gá. Iṣẹ́ Sofia, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n."

"Ní ọjọ́ Àìkú ńkọ́?"

"Sofia ni mo wà. Mo sùn sílé. Ara mi ò yá."

"Ẹ kò pè é lórí fóònù kó dárí jì yín?"

"Mo fẹ́ pè é ni," ni Ognyan wí, ó sì nu ojú. "Mo fẹ́ pè é gan-an."

"Àwòrán yìí dára. Ẹ̀yin lẹ yà á?"

"Èmi ni. Ní ìgbà ìkórè àjàrà yẹn náà."

Kamburov dúpẹ́, ó sì gba ìwé òkú kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e lọ fún Sevda nínú àtìmọ́lé, nítorí ó rò pé bóyá ìyẹn nìkan ni ìdágbére tí obìnrin náà máa rí.

Sevda gbà á. Ó wò ó títí. Kò sunkún. Lẹ́yìn náà, ó fi àtàǹpàkò kan ojú àwòrán náà.

"Ó wọ̀ ọ́," ni ó wí.

"Kí ló wọ̀?"

"Awò náà. Olórí kunkun. Ó dúró kí n lọ tán kó tó wọ̀ ọ́."

Kamburov gba bébà náà padà, ó tún un wò. Awò ojú, férémù aláwọ̀ ilẹ̀, ó tóbi díẹ̀ fún ojú bàbá. Òun náà ti rí irú rẹ̀, nínú páálí rẹ̀, nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì. Àwọn ọlọ́pàá ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé bàbá kò wọ̀ ọ́ rí.

Agbẹjọ́rò ìjọba rẹ́rìn-ín nígbà tí ó gbọ́. "Ẹni tí a fẹ́ fi ẹ̀sùn kàn ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Kamburov, gbogbo awò ojú ló jọra. Mú ohun tí mo lè dì mú wá kó tó di ọ̀sán ọ̀la, tàbí kí o jẹ́ kí n ṣe iṣẹ́ mi."

Kamburov gba ọ̀dọ̀ oníṣègùn ojú kọjá. Ìyẹn jẹ́rìí sí i pé Ọjọ́bọ̀ ni bàbá kọ́kọ́ gbé awò náà sójú níwájú òun. Láti ibẹ̀, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù Rumyana, ẹni tó ń tẹ ìwé òkú fún gbogbo ìlú. Rumyana àti ìyá Kamburov jẹ́ ọ̀rẹ́, nítorí náà kì í pè é ní Ọ̀gá.

"Yavor, o wá. Ọdún ìyàwó rẹ ń bọ̀ lọ́nà. Ṣé kí n tẹ tirẹ̀ bíi ti èṣí?"

"Ẹ tẹ̀ ẹ́."

"Àwòrán kan náà?"

"Kan náà." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ra ìṣáná. "Ìyá Rumyana, ẹ fi àwòrán Bàbá Metodi hàn mí, èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà."

Rumyana ṣí i. Ojú bàbá, awò, ẹ̀rín, kọ́là aṣọ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kamburov wo ọjọ́ tó wà lára fáìlì náà. Ọjọ́ Ajé ni. Kò sí ọjọ́ tí wọ́n yà á, kò sí ibi tí wọ́n ti yà á.

"Èyí tí mo yí padà nìyẹn," ni Rumyana wí. "Èyí tí Ognyan fi ránṣẹ́, ẹ̀rọ mi kò ṣí i bọ̀rọ̀. Fóònù tí ó fi ń ya àwòrán táìlì ló fi yà á, ó ṣètò rẹ̀ kó má ju nǹkan kan nù, fáìlì rẹ̀ wá wúwo bí òkúta. Ímeèlì mi kò gbà á. Mo wá sọ fún un lórí fóònù pé ọ̀nà méjì ló wà. Yálà kí ó yí i padà sí oríṣi tí gbogbo ẹ̀rọ ń ṣí, tàbí kí ó dì í pọ̀ kí ó fúyẹ́, kí n wá bá a ṣe èyí tó kù."

"Kí ló wí?"

"Ó ronú. Ó ní èwo ló máa fún un pọ̀ jù, kó lè kéré. Mo ní dídì ni. Ó ní òun á dì í nígbà náà. Ó wá kìlọ̀ fún mi pé orí bàbá nìkan ni kí n gé jáde, kí n sọ èyí tó kù nù. Mo ní ọ̀gbẹ́ni, o tiẹ̀ lóye iṣẹ́."

"Ẹ sọ ọ́ nù?"

"Èmi? Mi ò sọ nǹkan nù rí láti ọjọ́ tí mo ti dáyé. Ìdìpọ̀ náà wà níbẹ̀."

Kamburov gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ó tú u nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ní níbẹ̀. Àwòrán náà jáde lódindi. Bàbá Metodi jókòó sídìí tábìlì ìdáná, awò lójú, ó ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ń yà á. Halva wà níwájú rẹ̀. Lókè orí rẹ̀, ẹyin kan so rọ̀ lórí òwú pupa. Lára fáìlì náà, ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni, ìrọ̀lẹ́, ní Dolna Skela.

Kamburov wò ó pẹ́. Ó dùn ún, ṣùgbọ́n bí ẹni pé ara ẹlòmíràn ló ti ń dùn ún. Ohun tó ń wò ni ẹ̀rín tí bàbá rín sí ẹni tó máa pa á, gbogbo ìlú sì ti ń kọjá níwájú ẹ̀rín náà láti àárọ̀.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, ó lọ bá Ognyan nílé bàbá. Àlìkámà bíbọ̀ tí wọ́n fẹ́ pín níbi ìsìnkú wà nínú abọ́ lórí tábìlì. Ognyan ń nu bàtà rẹ̀.

"Ṣé wọ́n ti fi ẹ̀sùn kan obìnrin yẹn?" ni Ognyan bèèrè.

"Ó kù díẹ̀." Kamburov tẹ́ àwòrán náà lé tábìlì. "Ẹ wò ó bóyá ẹ rántí ibí yìí."

Ognyan wò ó. Ó rọra gbé bàtà sílẹ̀. "Ti ọdún tó kọjá ni. Mo ṣì í sọ. Ìdáríjì èṣí ni, kì í ṣe ìkórè àjàrà."

"Ọjọ́ Àìkú yìí ló wà lára fáìlì."

"Fóònù a máa parọ́ ọjọ́, Ọ̀gá."

"Ó lè parọ́. Ṣùgbọ́n Ọjọ́bọ̀ ni bàbá kọ́kọ́ gbé awò yìí sójú. Oníṣègùn ojú kì í ṣe fóònù."

Ognyan gbé orí sókè. Ó wo òwú pupa tó ṣì so rọ̀ lókè wọn, ó gbé ojú kúrò.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe lọ fún yín," ni Kamburov wí, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, kò wá sílẹ̀. "Ó di dandan kí àwòrán wà lórí ìwé òkú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìlú á bi yín. Bàbá kì í fẹ́ ya àwòrán, ọ̀kan yìí nìkan ló wà lọ́wọ́ yín. Ẹ mọ̀ pé fóònù ń kọ ọjọ́ àti ibi sínú rẹ̀. Ẹ sì ti gbọ́ pé àwòrán tí a fi ránṣẹ́ nínú ìjíròrò fóònù a máa kéré, ọjọ́ rẹ̀ a sì máa pòórá. Nígbà tí Ìyá Rumyana fún yín ní ọ̀nà méjì, ẹ rò pé èyí tó bá fún un pọ̀ jù ni yóò fún gbogbo ẹ̀rí jáde. Ẹ mú dídì."

"Bó ṣe yẹ kó rí kọ́ nìyẹn?"

"Rárá. Bí a bá ká aṣọ, tí a fún un sínú àpótí, tí a jókòó lé e kí ó lè tì, aṣọ náà lódindi la óò bá níbẹ̀ nígbà tí a bá ṣí i. Yíyí padà ló dà bíi kí a gbé aṣọ fún télọ̀ kí ó fi rán nǹkan mìíràn. Àjákù á bọ́ sílẹ̀, télọ̀ á sì gbá a dànù. Èyí tí Ìyá Rumyana yí padà, òfìfo ni, mi ò rí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ká ní ẹ̀yin fúnra yín lẹ yí i padà kí ẹ tó fi ránṣẹ́, Sevda ni ì bá lọ sẹ́wọ̀n."

Ognyan jókòó.

"Mo fẹ́ mú un lọ sí ilé àwọn arúgbó," ni ó wí. "Wọ́n ń bèèrè àwòrán. Mo ní kó wọ awò, kó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé mo fẹ́ gbé e kọ́ sílé mi ní Sofia. Inú rẹ̀ dùn. Ó so ẹyin rọ̀ fún mi bíi pé ọmọdé ṣì ni mí. Mo fi ẹnu gbé e, ó pàtẹ́wọ́."

"Lẹ́yìn náà?"

"Mo wá sọ òtítọ́ fún un. Pé ilé á di títà. Ó bọ́ awò náà, ó ní òun kò fẹ́ rí ojú mi mọ́. Ó mú ìkòkò, ó ní òun fẹ́ lọ bu wáìnì. Mo tẹ̀lé e, mò ń bẹ̀ ẹ́. Ó yíjú padà lórí àtẹ̀gùn, ó ní kí n máa lọ. Mo tì í, Ọ̀gá. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

"Ẹ gbọ́ tí ó ń kérora?"

"Mo gbọ́."

"Kí lẹ ṣe?"

"Mo fọ ife tí mo fi mu wáìnì. Mo fi awò sínú páálí rẹ̀, mo dá a padà sínú dúrọ́ọ̀." Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Ó ti dárí jì mí kí á tó jẹun. Ohun tí mò ń rò ní gbogbo ọ̀nà Sofia nìyẹn. Pé ó ti dárí jì mí."

Kamburov ní kó wọ bàtà rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá méjì tó dúró níta mú un lọ. Petkana rí i láti ojú fèrèsé rẹ̀, ó sì fà á tì, ohun tí a kò rí i kó ṣe rí.

Nígbà tí Kamburov ṣí ilẹ̀kùn àtìmọ́lé, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún Sevda láìfi igbá kan bọ̀kan nínú. Sevda gbọ́ ọ dópin. Ó bèèrè aago tó lù. Kamburov ní bí wọ́n bá lọ báyìí, wọ́n á bá ìsìnkú.

Ọkọ̀ ọlọ́pàá ló gbé e dé ẹnu ọ̀nà itẹ́ òkú. Aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ Ajé ló ṣì wà lára rẹ̀, ó ti rún. Wọ́n ti sọ pósí kalẹ̀ sínú ihò. Àwọn ará àdúgbò tó yí i ká rí i, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí èèyàn ń sọ nírú ìgbà bẹ́ẹ̀. Petkana fà sẹ́yìn díẹ̀.

Àlùfáà, tí ìròyìn kò tíì dé etí rẹ̀, parí àdúrà, ó sì gbójú sókè. Ẹbí ló máa ń kọ́kọ́ da erùpẹ̀ sílẹ̀. Ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, ó ń wá ọ̀dọ́kùnrin aláṣọ dúdú náà.

"Ta ni èèyàn olóògbé níbí?" ni ó bèèrè.

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó tún un bèèrè, pẹ̀lú ohùn rara díẹ̀, bóyá etí àwọn arúgbó kò gbọ́ ọ.

"Èmi ni," ni Sevda wí.

Wọ́n yà fún un. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bu erùpẹ̀ tó tutù náà kún ọwọ́, ó sì dà á sílẹ̀. Kò sunkún. Lẹ́yìn náà ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan kí àwọn yòókù lè bu tiwọn.